Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àgádágodo Ẹnu Ọ̀nà Ààtàn Wa

Ojúlé Kẹtàdínlọ́gbọ̀n,
Ẹ̀yìn Ibo Road,
Sabon Gari,
Kánò.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Alákòóso Àgbà,
Àjọ Amójútó Ìmọ́tótó Àdúgbò,
Ọ́fíìsì Ẹ̀ka,
Sabon Gari,
Kánò.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ ṢÍ ỌGBÀ Ẹ̀FỌ́ TÍ Ẹ TÌ NÍ ỌJỌ́ KEJÌLÉLÓGÚN OṢÙ YÌÍ, KÍ Ẹ SÌ DÁ KATAPÍLÀ TÓ Ń BỌ̀ NÍ ỌJỌ́ KEJE OṢÙ KARÙN-ÚN DÚRÓ

1. Èmi ni Ernest Olúmúyìwá Ògúnlànà, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì láti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bompai. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ orúkọ ẹrù sínú ìwé níbẹ̀, n kò sì ṣi ẹyọ kan kọ tí mo mọ̀. Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sẹ́yìn. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi dé Kánò. Mo ń kọ lẹ́tà yìí ní orúkọ ara mi, àti ní orúkọ àwọn aládùúgbò mẹ́tàlélógójì tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí mo so mọ́ ọn. Kí n má fi bò fún yín rárá: nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù wà. N ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpínrọ̀ keje. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

2. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yín mẹ́ta wá sí ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé mi. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ jáde, wọ́n fi àgádágodo sí géètì, wọ́n sì lẹ ìwé pupa kan mọ́ ọn. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ibi ìdalẹ̀sí tí ìjọba kò fọwọ́ sí ni ibẹ̀, pé ó lè kó àrùn bá ará ìlú, àti pé katapílà yóò wá kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ yín kò hùwà àìdáa sí ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin náà kò sì bá wọn jà. Wọ́n kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n gbé garawa wọn, wọ́n jáde.

3. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò ní purọ́ fún yín pé ibẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ibi ìdalẹ̀sí. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ ògiri yí i ká, ni gbogbo Ibo Road bá sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí: ọ̀rá, èèpo iṣu, ìyẹ́ adìyẹ, bàtà tó ti já, àní mátírẹ́ẹ̀sì. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà á kún, omi á wọlé, a ó máa gbé àga lé orí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ lẹ́tà mẹ́fà sí ọ́fíìsì yín nípa rẹ̀ láàárín ọdún 2009 sí 2021. Ẹ̀dà wọn wà lọ́wọ́ mi. N kò rí èsì ẹyọ kan gbà. N kò sọ èyí láti fi bú yín o. Mo kàn ń rán yín létí pé nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ ààtàn ní tòótọ́, kò sí ẹni tó wá fi àgádágodo tì í.

4. Ẹni tó yí i padà ni Abilékọ Adéwùmí Adéfẹ́mi, tí ó ní ilé oúnjẹ ní Ibo Road, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Fọláhàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ó gbé garawa èèpo iṣu wá, ó fẹ́ dà á nù bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ni ó bá rí igi tòmátì kan tó hù fúnra rẹ̀ láàárín pàǹtírí yẹn, tí ó ti so. Ó dúró, ó ka èso rẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní abúlé ìyá òun lẹ́bàá Ìkirè, ẹ̀yìn ààtàn ni wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́ tó dára jù, nítorí pé èèpo àti eérú nìkan ni wọ́n ń dà sí i, kò sí ọ̀rá níbẹ̀. Ó gbé garawa rẹ̀ padà sílé láìda nǹkan kan nù. Nígbà tí Sátidé ìmọ́tótó pé, òun àti obìnrin mẹ́ta mú ṣọ́bìrì wá. Mo jókòó síwájú ilé mi, mo ń ka ìwé ìròyìn, mo sì ń wò wọ́n láti òkè gíláàsì mi. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, á ti sú wọn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi kó o tán, kò sì sú wọn. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún wọn, ó sì mọ ògiri yí i ká, ó fi géètì sí i.

5. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà náà nìyí, bí mo ṣe fi ojú ara mi rí i. Láràárọ̀, àwọn ilé oúnjẹ Ibo Road ń ṣa èèpo, ewé àti eérú sọ́tọ̀ sínú àpò. Ọ̀rá kan kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ọ̀gbẹ́ni Divine, awakọ̀ Adaidaita Sahu, ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kó àwọn àpò náà wá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ọmọ Ìgbò ni Divine, ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń sọ dán ju ti àwọn ọmọ tiwa lọ, àwọn tí èèyàn á bá sọ Yorùbá tí wọ́n á fi Hausa dáhùn. Wọ́n ń kó èèpo náà jọ, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n ń rò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di ajílẹ̀ dúdú. Mo ti tẹ imú mi sí i dáadáa láti wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Kò rùn. Òun ni wọ́n fi ń gbin tẹ̀tẹ̀, tòmátì, ata, àti ìṣápá tí àwọn aládùúgbò wa Hausa ń pè ní yakuwa. Omi tí àwọn ilé oúnjẹ fi fọ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń bù rin wọ́n. Arábìnrin Bushrat Adébísí, aránṣọ, ló ń ṣọ́ omi yìí, ó sì lè bá èèyàn jà lórí ife kan ṣoṣo. Òun náà ló ń fi àjákù aṣọ rán báàgì, tó ń fún àwọn oníbàárà kí wọ́n yé gba ọ̀rá. Ní ọjọ́ Sátidé, Divine ń tún fáànù, sítóòfù àti àga tó ti ṣẹ́ ṣe fún ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá, kí wọ́n má bàa jù ú nù. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ń se ìkòkò ẹ̀fọ́ ńlá kan, wọ́n ń pín in fún ilé mọ́kànlá: àwọn arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí, àwọn aláìsàn, àti abiyamọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ tàbí mọ́sálááṣí.

6. Ọ̀kan nínú ilé mọ́kànlá yẹn ni tèmi. Ní ọdún 2023, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú mi. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò gbọdọ̀ dáná, n kò sì gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí láti ọdún 2018. Jùwọ́nlọ, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà ní Kàlàbá. Ẹ sì rántí pé ní gbogbo ọdún kan tó ṣáájú, n kò fi èèpo iṣu ẹyọ kan ran àwọn ènìyàn yìí lọ́wọ́. Yẹ̀yẹ́ ni mo ń fi wọ́n ṣe lójú gbogbo ayé. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, Màmá Fọláhàn kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú abọ́ ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ní òun kò wá gbọ́ ìyẹn, kí n jẹun kí ó tó tutù. Divine gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì dúró dè mí ní gbogbo ìgbà. Arábìnrin Bushrat, tí ó jẹ́ mùsùlùmí òdodo, ló ń ka ìwé mímọ́ tèmi fún mi ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ó bá kọsẹ̀ lórí àwọn orúkọ gígùn tó wà níbẹ̀, mo ń tún un ṣe fún un lórí ibùsùn, òun á rẹ́rìn-ín, á sì tún un kà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ ojú mi, èmi fúnra mi ni mo gbé garawa èèpo mi lọ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo di ọmọ ẹgbẹ́.

7. Ẹ̀bi mi ló kàn báyìí. Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, a pinnu láti kan pátákó mọ́ géètì. Mo dábàá pé kí a pe ibẹ̀ ní Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ìrẹ̀pọ̀. Màmá Fọláhàn ní rárá, Ààtàn Wa ni kí a pè é, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo lo bíi wákàtí kan láti ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó máa ń fi ààtàn sọ orúkọ ohun rere. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́: ẹni mọ́kàndínlógún fara mọ́ Ààtàn Wa, ẹnì kan ló kọ̀. Èmi ni ẹnì kan náà. Nítorí pé ìkọ̀wé mi ló dára jù, èmi ni wọ́n tún gbé búrọ́ṣì fún. Mo kọ ọ́, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n inú mi kò yọ́ sí wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, òṣìṣẹ́ yín kan, Malam Hamisu, òun nìkan ló wá. Gbogbo ènìyàn ti lọ sí ibi iṣẹ́ wọn, géètì wà ní títì, ògiri náà sì ga ju ènìyàn lọ. Àpò èèpo mẹ́fà tí Divine ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Malam kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà mi, ó wá nàka sí pátákó, ó bi mí ní Hausa pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo gbọ́ Hausa. Àwọn ọmọ tí a jọ ṣeré ní ojú títì yìí ló kọ́ mi ní Hausa kí n tó mọ A, B, D. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń béèrè. Mo dá a lóhùn pé "Jujinmu ke nan", èyí ni pé, ibi ìdalẹ̀sí wa nìyí. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń kó nǹkan wá dà síbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láràárọ̀, àpò lórí àpò. Ó béèrè pé láti ìgbà wo. Mo ní ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ó béèrè pé ta ni wọ́n. Mo ní àwọn ilé oúnjẹ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. N kò dìde lórí àga mi. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà nínú àpò mi, n kò sì sọ fún un pé kí ó wọlé wá wò ó. Kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ìjọba náà ti rí i pé orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀ kò dára. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìtumọ̀ tí mo ṣe fún Malam kò ní àṣìṣe kankan, irọ́ sì ni.

8. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé pupa yín, mo lọ kà á. Ìlà Hausa tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pe ibẹ̀ ní juji. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo rí lára géètì yẹn, mo sì jókòó sílẹ̀ lójú títì. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́rú, Màmá Fọláhàn gbé abọ́ mi wá láti inú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti já sílẹ̀ kí wọ́n tó ti géètì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Bàbá Jùwọ́nlọ, ẹ̀yin náà lẹ ó bá wa kọ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ lò jù." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé abọ́ náà padà, pé kò tọ́ sí mi. Ó ní èmi ni ilé kẹjọ, ó ṣì ku ilé mẹ́ta, kí n jẹ́ kí òun ríbi kọjá. Mo sunkún lórí oúnjẹ yẹn bí mo ti dàgbà tó. Ní ọjọ́ kẹta, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, mo wá sí ọ́fíìsì yín. Wọ́n ní Malam Hamisu kò sí nítòsí, kí n kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé. Òun ni mo ń ṣe yìí.

9. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí lónìí. Ọjọ́ kẹfà rèé tí ẹnikẹ́ni kò wọ inú ọgbà náà, nínú oòrùn oṣù Kẹrin tí ẹ̀yin náà mọ̀. Divine lè ṣí àgádágodo yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan; Màmá Fọláhàn ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kí ó má pe òun ní ará ilé rẹ̀ mọ́. Nítorí náà Arábìnrin Bushrat ń gun àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láràárọ̀, ó ń fi abọ́ da omi kọjá sí inú. Ìṣápá tó wà lẹ́bàá ògiri nìkan ni omi náà ń bà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, mo sì ń di àpótí náà mú fún un. Ní Sátidé tó kọjá, tí í ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó, àwọn tí ẹ fẹ̀sùn ìdọ̀tí kàn yìí gbá ojú ọ̀nà láti ẹnu géètì náà dé orí títì, wọ́n sì kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé oúnjẹ kò rí ibi kó èèpo sí mọ́. Mẹ́ta nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun tí ìwé yín sọ pé ó wà ní àdúgbò wa ti ń padà wá báyìí, láti ọjọ́ tí ẹ ti ti ibẹ̀. Ọ̀túnla ni Ọjọ́rú. Kò sí ẹ̀fọ́ tí a ó fi sí ìkòkò.

10. Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín fún nǹkan mẹ́ta:

(a) Kí ẹ ṣí géètì náà kí ó tó di Ọjọ́rú. Bí ẹ kò bá tíì lè ṣí i pátápátá, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín kan wá dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan láràárọ̀ kí wọ́n lè bomi rin ilẹ̀.

(b) Kí ẹ dá katapílà dúró títí Malam Hamisu, tàbí ẹlòmíràn tó bá wù yín, yóò fi wọ inú ibẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. N ó dúró dè é lẹ́nu géètì. N kò ní jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

(c) Kí ẹ fagi lé juji nínú fáìlì yín, kí ẹ kọ lambu síbẹ̀, nítorí pé ohun tí Hausa ń pe ilẹ̀ tí a ń bomi rin tí a sì ń gbin ẹ̀fọ́ sí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó jáde lẹ́nu mi ní ọjọ́ kẹwàá nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Bí ìjìyà bá wà fún irú rẹ̀, ilé mi ni kí wọ́n wá, kí wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀.

11. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bóyá kí a yí orúkọ pátákó padà nítorí wàhálà yìí. Wọ́n tún nawọ́. Gbogbo ogún wa ló ní kí ó máa jẹ́ Ààtàn Wa, èmi náà sì wà nínú wọn. Ohun tí mo gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni pé kí n kọ Lambunmu, ìyẹn ọgbà wa, sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò wa Hausa lè mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀dà ti wà nílẹ̀, mo ti fọ búrọ́ṣì. N kò tíì fọwọ́ kan pátákó náà, nítorí ìwé yín ṣì wà lára géètì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ arúgbó dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín,

Ernest Olúmúyìwá Ògúnlànà
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ẹgbẹ́ Ààtàn Wa.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí:
Ẹ̀dà ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà.
Ìwé tí aládùúgbò mẹ́tàlélógójì fọwọ́ sí.
Ìdì ìṣápá kan. Kì í ṣe rìbá, Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀rí ni. Arábìnrin Bushrat ló na ọwọ́ kọjá ògiri já a ní òwúrọ̀ yìí, ìyẹn gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ẹ ó rí i pé ó ti ń rọ.